Ẹyẹ àti Ìtànná Ẹ̀yìnkùlé: Orúkọ Wọn àti Iṣẹ́ Mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà

Ní àwọn agboolé Àjàṣẹ́, Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́, ojúmọ́ kì í mọ́ láìsí ohùn ẹyẹ. Kí oòrùn tó yọ ni àwọn ẹ̀gà ti bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ wọn lórí ọ̀pẹ. Ológoṣẹ́ ń ṣa ọkà tí ó dà sílẹ̀ lẹ́bàá ọlọ. Àdàbà ń ké lórí òrùlé páànù. Nínú igbó kékeré tí ó wà lẹ́yìn ilé ìwẹ̀, ẹ̀lulùú ń ké igbe tí ó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí omi tí a ń dà láti ẹnu kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtànná kò jìnnà sí ilé: akòko ló ṣe ọgbà yí àgbàlá ká, hibiscus pupa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì ń tẹ orí ìtànná rẹ̀ ba níbi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn sí.

Síbẹ̀, bí olùkọ́ bá ní kí ọmọ ọdún mẹ́wàá ní ìgboro dárúkọ ohun tí ó bà lórí igi, «ẹyẹ» ni yóò sọ. Bí ó bá ní kí ó dárúkọ ohun tí ó là lẹ́nu ọ̀nà, «òdòdó» ni yóò sọ. Ìdáhùn méjèèjì kò ṣì, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí ó tẹ̀lé wọn, ohun tí ó yẹ kí ó kan ẹnikẹ́ni tí ń kọ́ni ní ìwé kíkà nìyẹn. Ọ̀rọ̀ méjì péré ti gba ipò ọgọ́rọ̀ọ̀rún orúkọ. Àwọn ìwé ìkọ́ni kan sì ń ran ìparun yìí lọ́wọ́ láìmọ̀: ẹni tí ó ṣe wọ́n mú ọ̀rọ̀ Faransé, ó wá èyí tí ó bá a mu, ó rí ẹyẹ fún oiseau, ó rí òdòdó fún fleur, ó sì kọjá sí ojú ìwé tí ó kàn. Ẹ̀yìnkùlé ni a lè gbà tún nǹkan yìí ṣe. Kì í ṣe nítorí pé ó lẹ́wà nìkan, bí ó tilẹ̀ lẹ́wà, bí kò ṣe nítorí pé níbẹ̀ ni ohun náà, orúkọ rẹ̀ àti ìṣe rẹ̀ ti ń bára pàdé lójoojúmọ́ lójú akẹ́kọ̀ọ́.

Ọ̀rọ̀ náà «òdòdó» fúnra rẹ̀ ní ìtàn. Nínú Bíbélì Yorùbá, tí Samuel Ajayi Crowther jẹ́ aṣáájú ìtumọ̀ rẹ̀, tí odindi rẹ̀ sì jáde ní 1884, òdòdó a máa dúró fún àwọ̀ pupa fòò, pàápàá àwọ̀ aṣọ olówó iyebíye. Nígbà tí àwọn olùtúmọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ń là lórí ewéko, «ìtànná» ni wọ́n mú. Lónìí òdòdó ti fẹ̀ dé orí gbogbo ohun tí a gbìn fún ẹwà, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lé ìtànná kúrò lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́. Kò sí ẹni tí ó lè dá èdè dúró kí ó má fẹ̀, kò sì yẹ kí a bá òdòdó jà. Ṣùgbọ́n ìtànná ní ohun tí òdòdó kò ní, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe wà nínú rẹ̀.

«Tanná» ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, èyí tí í ṣe «tan iná». Ẹni tí ó tan fìtílà tanná. Igi tí ìtànná rẹ̀ là tanná. Ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ rí igi tí ó là gẹ́gẹ́ bí ilé tí a tan fìtílà sí nínú òkùnkùn. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn sì wà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn gẹ́gẹ́ bí ìgbà ti ń yí: igi a máa wọ̀wé ní ẹ̀ẹ̀rùn, a rúwé, a rúdí, a tanná, ìtànná a rọ, a rẹ̀ sílẹ̀, igi a so, èso a gbó, a pọ́n. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo lábẹ́ igi máńgòrò láti oṣù Kejìlá títí dé oṣù Kẹrin yóò kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ọ̀rọ̀-ìṣe wọ̀nyí ju àtòjọ lórí pátákó lọ, nítorí yóò rí ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín rírọ àti rírẹ̀ kí ó tó kọ wọ́n.

Ìtànná kan tilẹ̀ wà tí ó gbé ọ̀rọ̀-ìṣe yìí sínú orúkọ rẹ̀. Tannápowó ni a ń pè é ní ibì kan, tannápoṣó ní ibòmíràn. Àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ní Mirabilis jalapa, àwọn Faransé sì ń pè é ní belle-de-nuit. Ewéko kékeré ni, kò ga ju ìbàdí ènìyàn lọ. Ìtànná rẹ̀ a máa pupa, a máa funfun, a máa pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, nígbà mìíràn orí igi kan náà ni gbogbo àwọ̀ wọ̀nyí wà. Ní ọ̀sán, ó pa ojú dé. Nígbà tí oòrùn bá rọ̀, ó là, òórùn dídùn rẹ̀ a sì máa tàn kálẹ̀ títí di òwúrọ̀. Nínú «tannápoṣó», ìpaje fáwẹ́lì ti so «pa» mọ́ «oṣó»: ó tan iná, ó fi pa oṣó. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ kíyè sí jùlọ ni pé ewéko yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ yìí. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà olóoru ni ó ti wá. Àwọn tí ó gbà á lálejò kò tọ́jú orúkọ òkèèrè kankan fún un. Wọ́n wo ohun tí ó ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì fi èdè tiwọn sọ ọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìtànná tí a mọ̀ jùlọ lónìí ni kò rí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ gbà. Hibiscus ẹnu ọ̀nà ti Éṣíà wá. Flamboyant, tí ń pupa bí iná lójú títì, ti erékùṣù Madagásíkà wá. Frangipanier, tí òórùn rẹ̀ ń kún ìrọ̀lẹ́, ti Amẹ́ríkà àárín àti àwọn erékùṣù Káríbíánì wá. Bougainvillea, tí ó bo ògiri ilé àwọn olówó, ilẹ̀ Bràsíìlì ni ilé rẹ̀: Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko tí ó bá ọkọ̀ Bougainville rìn, ni ó rí i ní Rio de Janeiro ní 1767, tí orúkọ ọ̀gá ọkọ̀ náà fi mọ́ ọn lára. Ẹni tí ó bá sún mọ́ ọn yóò rí i pé ohun tí ń tan lójú lára rẹ̀, ewé ni. Ìtànná gidi ni ohun funfun wẹ́wẹ́ tí ó wà láàárín ewé aláwọ̀ mẹ́ta náà. Ìdí nìyí tí kì í fi í rẹ̀ kíákíá bí hibiscus, tí ìtànná rẹ̀ kì í sábà ju ọjọ́ kan lọ.

Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ láti gbin àlejò. Àléébù ibẹ̀ ni pé ojú tí ó kún fún àlejò kì í rí onílé mọ́. Akòko, Newbouldia laevis, ni ewé oyè; orí ọba àti ìjòyè ni a ń fi í lé. Gbogbo ènìyàn mọ èyí, ṣùgbọ́n ẹni mélòó ni ó ti dúró wo ìtànná rẹ̀? Ó gùn bí fèrè kékeré, àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín elésèé àlùkò àti pupa rẹ́súrẹ́sú, àwọn ẹyẹ kékeré kì í sì í fi í sílẹ̀ nígbà tí ó bá là. Bí a bá gé ẹ̀ka rẹ̀ tí a sì rì í mọ́lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, yóò hù. Nítorí náà ni ó fi dára fún ọgbà. Pèrègún náà, tí a ń fi í pa ààlà tí a sì ń gbìn sí ojúbọ, a máa yọ ìtànná funfun tí òórùn rẹ̀ kì í jáde dáadáa àfi lálẹ́. Ìṣápá, tí a ń sè lọ́bẹ̀, tí a sì ń fi pupa rẹ̀ ṣe omi mímu tí wọ́n ń pè ní bissap, ẹbí hibiscus ẹnu ọ̀nà ni. Ẹni tí ó bá fi ìtànná méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kò ní nílò onímọ̀ láti sọ ọ́ fún un.

Òrúrù ni kí a fi parí ti àwọn onílé. Igi ńlá ni, kò yẹ ẹ̀yìnkùlé tó há, ṣùgbọ́n agboolé tí ó ní àyè yóò yọ̀ sí i. Ìtànná rẹ̀ pupa bí ẹyin iná, ó tóbi bí ife, ó sì ń kojú sókè. Ìrudí rẹ̀ kún fún omi; àwọn ọmọdé a máa fún un kí omi náà lè ta sí ẹlẹgbẹ́ wọn lójú. Onímọ̀ ewéko Faransé náà Palisot de Beauvois ni ó fún un ní orúkọ Spathodea campanulata ní 1805, nínú ìwé tí ó kọ nípa àwọn ewéko Oware àti Bénin. Kí òǹkàwé má ṣe rò pé orílẹ̀-èdè Benin ti òní ni àkọlé ìwé náà ń sọ. Ìjọba Benin tí ó wà ní Nàìjíríà lónìí ni, Oware sì ni Warri. Láti Áfíríkà ni a ti gbé òrúrù lọ sí gbogbo ilẹ̀ olóoru fún ẹwà, ó sì ti di èpò tí wọ́n ń bá jà ní àwọn erékùṣù Pasífíìkì. Àlejò ni òun náà níbẹ̀.

Níbi tí ìtànná bá wà, ẹyẹ yóò wá. Èyí tí ó tètè ń dé ni ẹyẹ kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ, tí ẹnu rẹ̀ gùn tí ó sì tẹ̀, tí akọ rẹ̀ ń dán bí idẹ, bí ewé, bí osùn, gẹ́gẹ́ bí oòrùn bá ti bà á. Nínú Faransé tí a ń sọ ní ìlú, colibri ni wọ́n sábà ń pè é, àṣìṣe ni. Kò sí colibri kan ní gbogbo Áfíríkà. Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n wà. Souimanga ni orúkọ ìdílé ti ibí nínú Faransé tí ó péye. Ìyàtọ̀ wọn sì hàn sí ojú lásán: colibri a máa dúró nínú afẹ́fẹ́ níwájú ìtànná, ṣùgbọ́n souimanga a máa bà lórí ẹ̀ka kí ó tó na ẹnu rẹ̀. Lára hibiscus, a máa lu ihò sí ìdí ìtànná láti ẹ̀yìn, a sì mu oje rẹ̀ bí olè tí ó gba ojú fèrèsé wọlé. Lára akòko àti òrúrù, ẹnu ọ̀nà gan-an ni ó máa ń gbà. Ìtẹ́ rẹ̀ rí bí àpò kékeré tí a so kọ́ ẹ̀ka, ó sì lè so ó mọ́ ẹ̀bá ilé gan-an. Aláǹtakùn àti kòkòrò wẹ́wẹ́ ni ó fi ń bọ́ ọmọ rẹ̀. Kí olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ ẹyẹ yìí sínú ìwé má ṣe túmọ̀ colibri, kí ó má sì ṣe dá orúkọ sílẹ̀. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ọdẹ àti àwọn ìyá àgbà ìlú tí ó wà, kí ó sì kọ ohun tí wọ́n bá pè é.

Lẹ́yìn ti olójú dídán yìí, ẹ̀gà ni ó yẹ kí a fi ọjọ́ kan wò. Akọ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, orí rẹ̀ dúdú. Òun ni ó ń hun ìtẹ́: a máa ya imọ̀ ọ̀pẹ àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, a sì hun ún títí tí yóò fi di àpò tí ẹnu rẹ̀ kọjú sílẹ̀. Nígbà tí ó bá parí, a dorí kodò lábẹ́ rẹ̀, a máa gbọn ìyẹ́ pẹ̀lú ariwo kí abo lè wá yẹ iṣẹ́ náà wò. Bí kò bá sí abo tí ó gbà á títí tí ìtẹ́ náà fi gbẹ, akọ a tú u ká, a sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ariwo tí gbogbo wọn ń pa pọ̀ lórí igi kan ni ó mú kí a máa fi ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ wé ẹ̀gà. Àgbẹ̀ kò fẹ́ràn wọn, nítorí ọkà tí wọ́n ń jẹ àti ọ̀pẹ tí wọ́n ń sọ di ìhòòhò. Ẹ̀tọ́ àgbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ ṣàlàyé ìtumọ̀ «hun», «ya», «so kọ́» àti «tú ká» fún akẹ́kọ̀ọ́ kò lè rí ẹlẹ́rìí tí ó sàn jù wọ́n lọ.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ti ẹyẹ pọ̀ bí ti ìtànná. Ẹyẹ kì í jókòó, a máa bà. Àwòdì a máa rà bàbà lókè kí ó tó já ṣòòrò sórí òròmọdìyẹ. Abo a yé ẹyin, a sàba lé e, a pa á. Ẹyẹlé gbé «ilé» sínú orúkọ rẹ̀, alápàńdẹ̀dẹ̀ sì ń fi amọ̀ mọ ilé tirẹ̀ sábẹ́ àjà. Orúkọ ẹ̀lulùú, etí lè gbọ́ igbe ẹyẹ náà nínú rẹ̀; ìgbà òjò ni igbe náà sì máa ń pọ̀, èyí tí ó mú kí àwọn àgbà máa sọ pé ẹ̀lulùú tí ó pe òjò, orí ara rẹ̀ ni yóò fi gbà á. Àgbàlagbà akẹ́kọ̀ọ́ ti ní òwe yìí lẹ́nu kí ó tó dé kíláàsì. Ohun tí ó kù fún un ni kí ó rí i lórí ìwé.

Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, àdán a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹyẹ. Òwe ti sọ ọ́ tipẹ́ pé kò ṣe eku, kò ṣe ẹyẹ. Ní ìhà Ṣábẹ̀ẹ́, níbi tí ọ̀dàn ti bẹ̀rẹ̀, òun ni ó ń lọ láti orí ìtànná osè sí òmíràn, àti láti orí ìtànná igi irú, tí ó rọ̀ bí bọ́ọ̀lù pupa lẹ́nu okùn. Ìyẹ̀fun ìtànná ni ó ń kó lára rẹ̀, láìsí èyí igi náà kò ní so dáadáa. Ìyá tí ń ta irú lọ́jà jẹ àdán ní gbèsè díẹ̀.

Ẹyẹ àti ewéko tún pàdé nínú orúkọ àwọ̀. Èrò Yorùbá ti fi ẹyẹ mẹ́ta jẹ olórí ohun ìkunra àti ohun ìrẹṣọ mẹ́ta: agbe ni aró, àlùkò ni osùn, lékeléke ni ẹfun. Èlú ni a ń fi ewé rẹ̀ ṣe aró, igi osùn ni a ń lọ̀ fún osùn, ẹfun sì ti inú ilẹ̀ wá. Orúkọ àwọ̀ «elésèé àlùkò» kò kúrò lọ́dọ̀ ẹyẹ títí di òní. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti rí ohun kan tí yóò dùn mọ́ aláró nínú. Pupa tí ó wà nínú ìyẹ́ àwọn ẹyẹ ìdílé touraco, tí àlùkò jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kì í ṣe ìtànṣán lásán bí dídán souimanga. Àwọ̀ gidi ni, bàbà wà nínú rẹ̀, ó sì lè yọ́ jáde sínú omi tí ó ní agbára bí omi eérú. Church, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Gẹ̀ẹ́sì, ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1869, ó sì pè é ní turacin. Àlùkò kì í sábà wọ ìgboro, ṣùgbọ́n igi ọ̀dán tí ó bá so lè pè é wá sí etí ìlú. Lékeléke ni gbogbo ọmọ ń rí ní ẹ̀ẹ̀rùn pẹ̀lú agbo màlúù; bí wọ́n bá ń kọjá lójú ọ̀run, ọmọ a máa na ìka sí wọn kí wọ́n lè fún èékánná rẹ̀ ní funfun.

Ṣùgbọ́n àwọn orúkọ kan ti ń ṣẹ́kù láìní ẹyẹ. Igún ni àpẹẹrẹ tí ó dunni jù. Nígbà kan rí, kò sí ọjà tàbí ibi ìpẹran tí kò ní igún lórí òrùlé. Májèlé àti àwọn tí ń pa á ta fún oògùn ti dín in kù ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà débi pé ní 2015, IUCN fi igún onífìlà, èyí tí a mọ̀ jùlọ ní ìlú, sí ipò àwọn ẹ̀dá tí ó sún mọ́ ìparun jùlọ. Òwe tí ó sọ pé orí pípá igún kò kan onígbàjámọ̀ ṣì wà lẹ́nu àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn kò rí orí pípá náà rí. Odídẹ náà ń bẹ nínú ewu: nítorí òwò tí a fi ń kó o láti inú igbó, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nínú àdéhùn CITES pinnu ní 2016 láti fòfin de òwò odídẹ inú igbó láàárín orílẹ̀-èdè, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Ìkóódẹ, ìyẹ́ ìrù pupa rẹ̀, sì jẹ́ ohun tí ètò oyè àti òrìṣà kò lè fi sílẹ̀.

Òdìkejì ọ̀rọ̀ yìí wà ní òdìkejì òkun. Ní Bahia, ní Bràsíìlì, ẹ̀ka Candomblé kan ń pe ara rẹ̀ ní Ketu, nítorí ìlú tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọn ti wá gẹ́gẹ́ bí ẹrú. Potogí ni èdè ilé wọn láti ìran dé ìran. Síbẹ̀ wọ́n ń pe pèrègún ní peregun, wọ́n ń pe akòko ní akoko, wọ́n sì ń pe ìyẹ́ pupa odídẹ ní ekodidé. A gbin pèrègún àti akòko sí àgbàlá àwọn ilé òrìṣà wọn, a ń já ewé wọn ní orúkọ wọn. Èdè tí a fi ń bá ọmọ wí nínú ilé kú mọ́ wọn lẹ́nu; orúkọ ewéko ẹ̀yìnkùlé kò kú. Ó ṣe kókó fún ẹni tí ń kọ́ni ní Kétu fúnra rẹ̀ kí ó wo ọgbà tí ó wà lẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ ní ìbámu pẹ̀lú èyí.

Ohun tí ọgbà bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kò pọ̀. Kí a fi akòko àti pèrègún ṣe ààlà dípò páànù. Kí hibiscus àti ìṣápá wà ní oòrùn. Kí a fi apá kan igbó kékeré sílẹ̀ láìro fún ẹ̀lulùú. Kí tannápowó wà níbi tí àwọn ènìyàn ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́. Àwo omi tí kò jinlẹ̀ yóò mú ẹyẹ wá ní ẹ̀ẹ̀rùn ju oúnjẹ lọ, ṣùgbọ́n kí a máa da omi náà nù lójoojúmọ́ nítorí ẹ̀fọn. Ní Àjàṣẹ́, kíláàsì tí kò ní àyè lè lọ sí Jardin des Plantes et de la Nature, ọgbà tí ìjọba amúnisìn ṣe láti inú igbó mímọ́ àtijọ́ ní òpin ọ̀rúndún 19.

Nípa kíkọ, ẹyẹ àti igi jẹ́ ẹlẹ́rìí tí ó lágbára fún àmì ohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jiyàn pé àmì wọ̀nyí kò wúlò, ẹ fún un ní akòko tí í ṣe igi, àkókó tí í ṣe ẹyẹ tí ń sọ igi, àti àkókò tí a fi ń ka wákàtí, kí ó kà wọ́n láìsí àmì. Ẹ fi àṣá àti àṣà tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, kí ó kọ ọ́ pé ọmọdé fi kànnàkànnà lé kannakánná. Ẹ̀rín tí kíláàsì yóò rín nígbà tí ó bá gbàgbé àmì yóò ṣe iṣẹ́ àlàyé. Ní ti álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè Benin, tí ó jáde ní 1975, tí a sì tún yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008, ẹ̀gà a di ɛ̀gà, àṣá a di àshá, pèrègún a di kpèrègún. Ó sàn kí àgbàlagbà tí ó ní ìbátan ní Nàìjíríà rí ọ̀nà méjèèjì, nítorí yóò rí lẹ́tà gbà láti ibẹ̀.

Ẹni tí ó bá ń kó orúkọ jọ ní láti kọ ìlú tí ó ti gbọ́ ọ, iṣẹ́ àti ọjọ́ orí ẹni tí ó sọ ọ́, àti ibi tí wọ́n ti jọ rí ohun náà. Ọdẹ àti aláró kì í fi ojú kan náà wo ẹyẹ. Orúkọ tí ará Ifẹ̀ ní Atakpamé bá pe igi kan, kí a kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe tún un ṣe kí ó lè jọ ti Ọ̀yọ́. Bí orúkọ sáyẹ́ǹsì kò bá dájú, àyè òfìfo sàn ju orúkọ tí a méfò lọ. Ọ̀kín ti fi èyí hàn: ọ̀pọ̀ àtòjọ ọ̀rọ̀ pè é ní paon, bẹ́ẹ̀ ni Íńdíà ni ilé paon tí a mọ̀ jùlọ, ó ṣòro kí orúkọ tí ó kún inú oríkì tó bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti àlejò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó kọ́kọ́ kọ paon sílẹ̀ ti dí ọ̀nà mọ́ ẹni tí ó fẹ́ béèrè.

Kíláàsì àwọn àgbàlagbà sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iṣẹ́ oko àti ọjà bá parí. Nígbà yẹn gan-an ni tannápowó ń là. Bí a bá gbin ín sí ẹ̀bá ilẹ̀kùn, olùkọ́ lè kọ «tanná» sórí pátákó, kí ó kọ́kọ́ tọ́ka síta, kí ó tó tan fìtílà.